Ìpara tí Mo Pò fún Ọ, àti Orí Rẹ tí Mo Dá Lẹ́bi

Ilé wa, Ọ̀wọ̀.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Fúnkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé o jí dáadáa? Ọmọ inú rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o jẹun báyìí? Táyọ̀ ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé òun ló ń pọnmi bí mo ṣe sọ, àbí ó ṣì ń wá ibi tí korobá wà? Bàbá rẹ kí yín. Ó ní òun ò tíì gbàgbé iṣu tí ẹ̀yin ará Ìdóàní ṣèlérí fún òun.

Mo mọ̀ pé kí o tó ka ibi tí o dé yìí, o ti tú ẹrù tí dẹ́rẹ́bà gbé fún ọ, o sì ti ń wá ike ìpara nínú rẹ̀. Má wulẹ̀ da ẹrù sílẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Mi ò pò ó, mi ò sì ní pò ó mọ́ láéláé. Jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí o ka lẹ́tà yìí tán kí o tó pè mí, nítorí mo mọ̀ ọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ lo máa ń gbọ́ tí wàá ti gbé fóònù.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè mí, ohun mẹ́ta lo sọ. O ní ojú rẹ ti dúdú níwájú àti ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, débi pé àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ ń bi ọ́ bóyá oòrùn ló pa ọ́. O ní ike tí mo fún ọ nígbà ìgbéyàwó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, pé o ti ń fi ìka họ ìdí rẹ̀, kí n po òmíràn kí n fi rán dẹ́rẹ́bà. Lẹ́yìn náà lo wá rẹ ohùn sílẹ̀, o ní, "Mọ́mì, ẹ̀rù ìbímọ ń bà mí o. Ẹ mọ ohun tí orí mi fojú yín rí. Orí Táyọ̀ náà sì rèé, kò kéré." Èmi rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó dáa, màá pò ó." Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo gbé ẹ̀bà tó wà níwájú mi tì.

Bàbá rẹ bi mí pé kí ló dé. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ ohun tí mo ti fi pamọ́ fún un láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó gbọ́ ọ tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó wá ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọmọ náà. Tó o bá sọ ọ́ lórí fóònù, wàá tún fi ẹ̀rín bò ó." Ọkùnrin yìí mọ̀ mí jù. Ìdí rèé tí mo fi jókòó ti bírò láti àárọ̀.

O mọ̀ pé akọ̀wé ni mí ní káńsù kí n tó fẹ̀yìn tì. O tún mọ̀ pé mo máa ń po ìpara tà fún àwọn obìnrin ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n o ò mọ bí mo ṣe ń pò ó, torí mi ò jẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ sún mọ́ ibẹ̀. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é. Màá ra ìpara tó ń bóra ní ike ńlá, màá dà á sínú abọ́ rọ́bà. Màá fún túùbù méjì tàbí mẹ́ta sí i, àwọn túùbù kékeré tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún ara yíyún. Màá da òróró pupa kan lé e lórí, màá wá fi ṣíbí igi rò ó títí á fi máa dán. Mi ò ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rí. Èmi tí mo ń ka fáìlì káńsù láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, tí ọ̀gá ń sá fún nítorí àṣìkọ, mi ò yí páálí túùbù sẹ́yìn wò lẹ́ẹ̀kan. Tí ara ẹni tó rà á bá ti mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èmi àti onítọ̀hún gbà pé ọjà náà dáa.

Nígbà tí mo lóyún rẹ, mo ń fi í para láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Oyún mú kí ojú mi dúdú gan-an bí tìrẹ yìí, dípò kí n fi í sílẹ̀, mo fi kún un. Mo tún ń fi ọṣẹ kan wẹ̀, ọṣẹ tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára. Ẹnìkan ló bá mi rà á, kò sì sọ ibi tó ti wá.

Ìyá bàbá rẹ, Màmá Upenmen, gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún wa láti oko lọ́jọ́ kan. Ó di apá mi mú, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó ní, "Ọma mi, ara rẹ ti fẹ́lẹ́ jù. Mo ń rí iṣan rẹ láti òkèèrè. Kí lo fi ń para ní ulé yìí?" Mo ní àdín àgbọn ni. Màmá ò bá mi jiyàn, ó kàn fi apá mi sílẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn tí mo forúkọ sí, nọ́ọ̀sì àgbà kan bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ó ní, "Màmá, kí lẹ fi ń para?" Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Àdín àgbọn lásán ni, Mà." Ṣé o mọ ohun tó fà á? Obìnrin káńsù méjì tó ń ra ìpara lọ́wọ́ mi ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi, àwọn náà lóyún. Mi ò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì bá mi wí lójú oníbàárà mi. Ó kọ àdín àgbọn sínú káàdì mi. Mo rí i nígbà tó ń kọ ọ́, mo sì jẹ́ kó kọ ọ́.

Nígbà tí ọjọ́ mi pé, o dábùú. Ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́ nìyẹn, ọmọ máa ń dábùú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n gbé ọ jáde, o ké, ara rẹ pé, gbogbo wa yọ̀. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi, iṣẹ́ abẹ kan náà ni wọ́n ṣe fún un lọ́jọ́ kan náà, ó ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Èmi ò lọ. Ojú abẹ mi kọ̀, kò di. Òwú tí wọ́n fi rán an ń já gba inú ara mi kọjá bí ìgbà tí èèyàn bá ń rán ewé ẹ̀kọ tó ti rọ̀. Wọ́n rán an, ó tú. Ó ṣọyún, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tún un rán. Dókítà bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá mò ń lo oògùn tàbí ìpara kankan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ní rárá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àtọ̀gbẹ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ó ń wá èyí, ó ń wá tọ̀hún, èmi sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń wò ó.

Màmá Upenmen ló gbé ọ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó gbé ọ pọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́. Wàrà inú agolo lo mu. Lọ́jọ́ tí mo dé Upenmen láti gbà ọ́, mo gbé ọ lé apá, o bú sẹ́kún, apá Màmá nìkan lo dákẹ́ sí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, Fúnkẹ́. Mi ò sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fọ ojú abẹ.

Àwọn èèyàn wá ń bi mí pé kí ló dá mi dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní ọsibítù. Mo ní láti rí nǹkan sọ. Mo ní, "Ọmọ yìí mà ni! Orí rẹ̀ tóbi jù, díẹ̀ ló kù kó pa mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà tà, mo sì ń sọ ọ́ lọ. Mo sọ ọ́ níbi ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o wọlé ẹ̀kọ́ gíga. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, pẹ̀lú máíìkì lọ́wọ́, lójú àwọn àna wa. Olórí-ńlá ni mò ń pè ọ́ láti kékeré, ìwọ náà sì ń dáhùn, o ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé o ń gbé e sínú, títí di ọjọ́ Àìkú yẹn.

Má tíì dáwọ́ kíkà dúró, èyí tó burú jù ló kù. Lẹ́yìn gbogbo ìyà yẹn, mo dáwọ́ fífi í para dúró, ṣùgbọ́n mi ò dáwọ́ pípò rẹ̀ dúró. Mo sọ fún ara mi pé ọṣẹ aláìlórúkọ yẹn nìkan ló bà mí jẹ́. Mo ju ọṣẹ nù, mo ń bá túùbù lọ, mo ń tà á títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ ku oṣù méjì, mo tún gbé abọ́ rọ́bà sọ̀kalẹ̀, mo po ìpara ìyàwó fún ọ bí mo ṣe máa ń pò ó fún gbogbo ọmọ àwọn ọ̀rẹ́ mi, kí o lè mọ́ nínú fọ́tò. O sì mọ́. Inú mi dùn nígbà tí wọ́n ń yìn ọ́. Ike funfun onídèérí àwọ̀ ewé tí o ń họ ìdí rẹ̀ yẹn, ọwọ́ mi ni ó ti jáde. Mo ṣe é fún ọ pẹ̀lú ìfẹ́, mo sì jẹ̀bi. Dárí jì mí, ọmọ mi.

Lánàá, mo lọ bá obìnrin kan tí a jọ ń jọ́sìn, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tó gbẹ̀bí fún ìdajì àdúgbò yìí. Mo ro ẹjọ́ ara mi fún un. Ó kọ́kọ́ pariwo lé mi lórí, ó ní, "Ìwọ náà! Ìwọ tí o mọ̀wé!" Nígbà tó pariwo tán, ó fà mí jókòó, ó sì ṣàlàyé, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó sọ àti ohun tí mo ti fojú ara mi rí ni mo fẹ́ tò fún ọ báyìí.

Èkíní, ọ̀rọ̀ ike yẹn. Má fi para mọ́ láti òní lọ, ṣùgbọ́n má jù ú nù. Dé e, wé e sínú láílọ́ọ̀nù, kí o gbé e dání lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ aláboyún, lọ́jọ́bọ̀ yìí. Mo ti kọ gbogbo ohun tí mo fi sínú rẹ̀ sí ìwé kan lọ́tọ̀, ó wà nínú ẹrù. Agbẹ̀bí ní ẹni tó bá ti ń lo túùbù yẹn pẹ́, tó bá fi í sílẹ̀, ojú rẹ̀ lè pọ́n, ó lè máa yún un, ó lè máa bó. Má bẹ̀rù kí o má sì sáré padà sídìí ike. Àmọ́ tí òòyì bá ń kọ́ ọ, tí o ò lókun nínú, tí èébì rẹ sì ju ti oyún lọ, má dúró de Ọjọ́bọ̀, kí Táyọ̀ gbé ọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo bi í bóyá ọmọ ti fara gbá nǹkan. Ó ní òun ò lè ti Ọ̀wọ̀ rí inú rẹ, àmọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin tí òun ti rí tí wọ́n fi í sílẹ̀ ní kùtùkùtù tí wọ́n sì sọ̀rọ̀ síta, ọmọ wọn ń sáré kiri. Nítorí náà, sùn dáadáa.

Èkejì, kọ́ bí a ṣe ń ka páálí, ohun tí mi ò ṣe. Yí i sẹ́yìn kí o tó yí owó síwájú. Tí o bá rí hydroquinone níbẹ̀, dá a padà. Òun ló wà nínú ìpara tó ń bóra, ara máa ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀ mu wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún ọ pé kò ní ṣe ọmọ inú ní nǹkan. Tí o bá rí clobetasol tàbí betamethasone, ohun tó wà nínú túùbù mi nìyẹn. Oògùn àìsàn ara ni, dókítà lè fún èèyàn ní ìwọ̀nba, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń fi para bí ìpara ojoojúmọ́. Òun ló sọ ara mi di ewé ẹ̀kọ.

Mercury náà wà, ó máa ń wà nínú ọṣẹ àti ìpara tó ń sọni di funfun kíákíá. Májèlé ni fún kíndìnrín ìyá àti ọpọlọ ọmọ inú. Ó ń lẹ̀ mọ́ táwẹ́ẹ̀lì, ó ń lẹ̀ mọ́ ìrọ̀rí, Táyọ̀ tí kò para gan-an á fara kó o. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi í sí i kì í kọ ọ́ sára páálí. Nítorí náà, ohunkóhun tí kò bá ní orúkọ ẹni tó ṣe é, tí kò ní nọ́ńbà tí ìjọba fún un, tí kò sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ọ, má rà á. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá pò ó fún ọ, má gbà á. Bí ìyá rẹ bá pò ó fún ọ, má gbà á.

Ẹ̀kẹta, rorẹ́. Mo mọ̀ pé o ní ìpara rorẹ́ kan tí o gbé láti ilé ẹ̀kọ́. Wo ara rẹ̀. Tí o bá rí retinol, tretinoin tàbí adapalene, gbé e tì títí wàá fi bímọ, kí o sì béèrè kí o tó padà sí i nígbà tí o bá ń fọ́mọ lọ́mú. Èyí tó jẹ́ oníhóró tí wọ́n ń gbé mì fún rorẹ́, isotretinoin, má fẹnu kàn án rárá, ó ń ba ọmọ jẹ́ nínú oyún, kò sí àwàdà nínú ìyẹn. Salicylic acid tó jẹ́ díẹ̀ nínú ọṣẹ ojú tí à ń ṣàn dànù, agbẹ̀bí ní kò burú, ṣùgbọ́n kí o má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tó le bó ojú fún ọ. Tí rorẹ́ bá ń dà ọ́ láàmú, béèrè azelaic acid lọ́wọ́ dókítà, agbẹ̀bí ní òun ni wọ́n sábà máa ń gbà fún aláboyún, ó sì tún ń ran ojú tó dúdú lọ́wọ́.

Mo ti dìde lọ pa iná ọbẹ̀, mi ò rántí iye tí mo kà dé mọ́. Máa bá mi bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojú rẹ tó dúdú yẹn, oyún ló fà á, kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe àìsàn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á rọra lọ lẹ́yìn tí o bá bímọ, kò ní lọ lọ́jọ́ kan. Oòrùn ló ń mú un le sí i. Ẹ̀yin olùkọ́ ń dúró lórí pápá láàárọ̀ títí àwọn ọmọ á fi kọrin tán, fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà nínú ẹrù, dé e. Ìpara oòrùn kan náà wà níbẹ̀, zinc oxide ni wọ́n kọ sí i, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó máa ń jẹ́ kí ojú funfun díẹ̀ bí ẹni tó da ìyẹ̀fun sójú. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ á rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí wọ́n rín, ó ṣe tán ọ̀sẹ̀ kan ni, wọn á rí nǹkan mìíràn rín.

Má rò pé ohun tó bá ti jẹ́ ti ilé, tí kò ti kẹ́míìsì wá, ló dáa. Wọ́n á ní kí o fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ojú. Tí o bá fi í ra ojú tí o bọ́ sínú oòrùn, ojú á jó, á wá dúdú ju ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ní kí o fi ọṣẹ ìfọyín sórí rorẹ́. Wọ́n á gbé àgbo ara wá nínú ìgò tí o ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí wọn, dúpẹ́, gbé e sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí o nílò ò pọ̀: ọṣẹ tí kò ní òórùn dídùn, ohun tí wàá fi para kí ara má gbẹ, ìpara oòrùn. Nǹkan tuntun yòówù kí o rà, kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ìgúnpá nínú, kí o wò ó fún ọjọ́ méjì.

Àdín àgbọn ńlá kan wà nínú ẹrù, ìyá kan ní Ìdógun ló sè é, mo jókòó tì í títí ó fi sè é tán, kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àdín àgbọn tí mo fi parọ́ ọjọ́sí náà ni. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń fi í para ní tòótọ́, ara mi sì gbà á.

Ìlà dúdú tó fẹ́ẹ́ la ikùn rẹ já, àti ìlà tó máa yọ ní itan, wọ́n máa ta ìpara fún ọ lórí wọn. Èyí tó dáa nínú ìpara yẹn á jẹ́ kí ara rọ̀, ìyẹn náà ni. Kò ní pa ìlà rẹ́. Ìlà tèmi ṣì wà níbẹ̀, ó ti funfun, bàbá rẹ ò sì tìtorí rẹ̀ kó ẹrù jáde. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí o pa nǹkan kí ọmọ lè pupa nínú ikùn, sọ fún un pé ìyá rẹ ti dán an wò, ọmọ náà jáde ní àwọ̀ bàbá rẹ̀.

Gbogbo èyí tí mo kọ, o lè gbàgbé ìdajì rẹ̀, nọ́ọ̀sì á rán ọ létí. Ọ̀kan ni mi ò fẹ́ kí o gbàgbé. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n á bi ọ́ pé, "Ìyàwó, kí lẹ fi ń para?" Àwọn èèyàn á wà lẹ́yìn rẹ. Ó lè jẹ́ olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ, ó lè jẹ́ ìyá ọmọ kíláàsì rẹ, torí Ìdóàní tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́. Ojú á fẹ́ tì ọ́. Gbé ike jáde, gbé ìwé mi jáde, kí o sọ ọ́ sókè pé, "Màmá mi ló pò ó, láti ìgbà ìgbéyàwó ni mo ti ń lò ó." Wọn ò lè tọ́jú ohun tí o bá fi pamọ́ fún wọn. Dókítà mi ò burú, ó ń wá a, èmi ni mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Èmi náà ń bọ̀. Mo ti bá dẹ́rẹ́bà sọ ọ́, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá kúrò ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́bọ̀ ni màá wọ̀. Tí o bá bojú wẹ̀yìn, èmi ni wàá rí lórí bẹ́ǹṣì. Tí nọ́ọ̀sì bá sì fẹ́ pariwo, kó pariwo lé mi lórí, ó ti ń mọ́ mi lára lọ́sẹ̀ yìí.

Nǹkan kan tún wà nísàlẹ̀ ẹrù, lábẹ́ fìlà, nínú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀. Káàdì oyún mi ni, èyí tí mo fi bí ọ. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i láti ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ pàápàá. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, mo ti fi bírò fa ìlà gba orí àdín àgbọn, mo sì kọ ohun tí mo fi ń para gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ ṣùgbọ́n mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí rẹ sí. Wọ́n wọn orí rẹ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì kọ ọ́. Mú un fún nọ́ọ̀sì, kó kà á fún ọ, kó sọ fún ọ bí orí ọmọ tuntun ṣe máa ń rí.

Kò tóbi, Fúnkẹ́. Orí rẹ ò ju ti ọmọ mìíràn lọ. Kò ṣe mí ní nǹkan kan rí. Lọ bí ọmọ tìrẹ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Èmi ni,
ìyá rẹ.